Orúkọ Tí Bàbá Mi Kò Fẹ́ Pa Rẹ́

Abẹ́ pátákó èbúté ni bàbá mi kú sí. Àárọ̀ ni. Wọ́n bá a níbi tó jókòó sí, ó fẹ̀yìn ti òpó pátákó náà, agolo ọ̀dà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Òkun ló ń wò.

Kíákíá ni gbogbo ará èbúté ti mọ ohun tó gbé e débẹ̀. Wọ́n ní orúkọ ọkọ̀ Ìfaradà ló ń ṣọ́. Wọ́n ní orí agídí rẹ̀ ló kú sí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí mo wo búrọ́ọ̀ṣì náà dáadáa.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo bá a dé. Àwọn lẹ́tà tí mo mọ̀, imú ọkọ̀ ni mo ti kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti ń sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi bó ṣe wù wọ́n, ìyá mi kò sì mọ̀wé kọ. Ó ku èmi.

Ọlọ́dà ni wọ́n ń pe bàbá mi. Kó tó di òṣìṣẹ́ ìjọba, ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ló ń kọ̀wé sí. Ó máa ń kọ "A kì í tàwìn" fún àwọn tó ń tàwìn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Nígbà náà, kò sí títì lẹ́bàá òkun. Ẹni tó bá fẹ́ ti ìlú kan dé ìkejì, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni, tàbí kó fẹsẹ̀ gún iyanrìn títí ẹsẹ̀ á fi bó. Ìjọba wá ra ọkọ̀ ńlá. Wọ́n ní ti ará ìlú ni. Àwọn ọkọ̀ náà ń kó iyọ̀, wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì, màlúù, tíṣà, aláìsàn, ìyàwó tuntun. Wọ́n á ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn bí ẹni tó ń kí mọ̀lẹ́bí kiri.

Funfun ni wọ́n kun gbogbo wọn. Bàbá mi ló kọ orúkọ sí wọn lára. Wọ́n á so pákó mọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, á jókòó sórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa rọ̀ lókè omi. Á fi ẹfun fa ìlà. Á di èémí mú. Bó bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì lé irin, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí lẹ́tà yẹn á fi parí.

Ìjọba ló fún àwọn ọkọ̀ náà lórúkọ. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan wà tí a ń pè ní Gbokùn, torí òun ló ń gba okùn tí ọkọ̀ bá ti dé, tó ń so ó mọ́ òpó irin. Gbokùn máa ń sọ pé ìjọba kò mọ orúkọ í sọ.

"Ẹ wo Ìlọsíwájú," á ní, "ẹ̀yìn ló mọ̀ ọ́n fi rìn jù. Inú Ìṣọ̀kan sì rèé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da ọbẹ̀ síra wọn lójú."

"Ìfaradà ńkọ́?" bàbá mi á bi í.

"Ìyẹn nìkan ni orúkọ rẹ̀ ro. Èrò inú rẹ̀ ló ń fara dà á."

Ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá kọ́kọ́ kọ́ níṣẹ́. Èmi kéré, ọ̀dà ni mo ń pò. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mọ́, àfi tó bá kan lẹ́tà A. Igi ìdábùú inú A rẹ̀ máa ń wálẹ̀ jù. Bàbá á fọwọ́ sí ìbàdí, á wò ó.

"Kí lo kọ yìí? A rẹ dà bí ọkùnrin tó de bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn."

Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Bàbá, ó ti jẹun yó ni."

Bàbá á rẹ́rìn-ín, á pa á rẹ́, á kọ tirẹ̀. Tó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi á tún kọ ọ́ bákan náà. Nílé, tí ìyá mi bá ń bu oúnjẹ fún un, á ní, "Ẹni tó de bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn, ṣé kí n fi kún un?" Ìyá mi kò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ó mọ A yẹn. Ẹjọ́ rẹ̀ kò tán nílé wa.

Pátákó èbúté wà níwájú ọ́fíìsì, ó kọjú sí ilé àwa ará ọkọ̀. Bàbá mi ló kọ ọ́ pẹ̀lú. Orúkọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, dúdú lórí funfun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan, ìṣó kan wà. Orí ìṣó yẹn ni akọ̀wé máa ń fi pákó kékeré kọ́: Ó Ń BỌ̀. Ó TI DÉ. Ó PẸ́. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà lójú omi, kò dìgbà tó bá débẹ̀. Á ti ojú fèrèsé wò ó. Ẹni tí kò mọ̀wé á rán ọmọ ẹlòmíràn.

Àwọn ará ọkọ̀ ní ìṣe kan tí ìjọba kò kọ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú, ì báà rì, ì báà jẹ́ pé wọ́n tà á fún àwọn tó ń gé irin, bàbá mi á mú ọ̀dà funfun, á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ọ̀sán gangan ni, kí gbogbo èèyàn lè rí i. Ìrù ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ. Ti àkọ́kọ́ ló ń kẹ́yìn.

"Orúkọ máa ń forí wọlé," ló kọ́ wa. "Ìrù ló gbọ́dọ̀ fi jáde. Bí o bá kọ́kọ́ gé orí rẹ̀, kí ló fẹ́ fi wo ọ̀nà?"

Ìgbà tí orúkọ bá lọ tán ni ẹkún tó lè bẹ̀rẹ̀. A kì í sunkún ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lójú pátákó. Ẹni tó bá sunkún ṣáájú, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti àwọn tó wà nínú rẹ̀ sómi.

Ìgbà kan wà tí ibà dá bàbá mi dùbúlẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n ta Ìṣọ̀kan. Ọ́fíìsì rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti òkè wá láti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Kò sí ẹni tó sọ ìṣe wa fún un. Orí ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fa ọkọ̀ náà lọ, wọ́n gé e, irin rẹ̀ ti di ìkòkò àti ṣọ́bìrì báyìí. Ṣùgbọ́n Gbokùn sọ fún wa pé láti ọjọ́ náà, bí ìkùukùu bá bo omi láàárọ̀, òun á gbọ́ okùn tó ń ké mọ́ òpó irin, bí okùn ṣe ń ké nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń fà á.

"Ẹ wá lọ wò ó?" ni mo bi í.

"Mo lọ wò ó."

"Kí lẹ rí?"

"Òpó irin. Kò sí okùn lára rẹ̀. Ó ṣì ń ké."

Gbokùn máa ń fi gbogbo nǹkan ṣàwàdà. Kò fi ìyẹn ṣe é.

Nígbà tó yá, wọ́n la títì. Ọkọ̀ ilẹ̀ ń gbé sìmẹ́ńtì kọjá lẹ́yìnkùlé wa, ilé á máa gbọ̀n. Ìjọba tó ra àwọn ọkọ̀ náà lọ, òmíràn dé. Ọmọ tí ìjọba kan bí, ìjọba kejì kò tọ́ ọ. Ọkọ̀ kan bà jẹ́, wọ́n yọ ara rẹ̀ fi tún ìkejì ṣe. Ìkejì bà jẹ́. Bàbá mi ń pa orúkọ rẹ́ ju bó ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ní ìparí, Ìfaradà nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ ọ̀dà kò tó fún ẹni mẹ́ta mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wọṣẹ́ nínú Ìfaradà, ó ń fọ ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń ju okùn. Láàárín ìgbà yẹn ni wọ́n ní ẹni ńlá kan ń bọ̀ láti wá wo ọkọ̀ ìjọba. Ọ́fíìsì fún bàbá mi ní ọ̀dà. Kò tó kun ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wọ́n ní kó kun ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí èbúté. Ó kùn ún. Ó ń dán bí eyín ọmọdé. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ìpẹtà ló wà níbẹ̀ láti òkè délẹ̀. Òkun nìkan ló ń rí òótọ́.

Ẹni ńlá náà wá, ó pàtẹ́wọ́, ó lọ. Ìfaradà gbéra lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nídìí ọkọ̀, ó ń ká okùn, ó ń juwọ́ sí wa. Nígbà tí ọkọ̀ náà yíra padà lẹ́nu òkun, a rí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. "Ṣé ọkọ̀ tá a fọmọ sí náà nìyẹn?"

Kò padà wá.

Kò sí ìjì. Kò sí pákó kan tó léfòó, kò sí fìlà. Ó kúrò ní èbúté kan, kò dé ìkejì. Akọ̀wé yọ Ó Ń BỌ̀, ó fi Ó PẸ́ kọ́. Tí a bá béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì, wọ́n á ní ìwádìí ń lọ lọ́wọ́. Ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ lọ. Wọ́n kó àga, wọ́n kó fáànù, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹyẹlé ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí. Kò sí ẹni tó sọ pé ọkọ̀ náà rì. Pátákó nìkan ló kù, pẹ̀lú Ó PẸ́ lórí ìṣó.

Torí náà, bàbá mi kò pa á rẹ́. Bí oòrùn bá ti fẹ́ jẹ ọ̀dà dúdú tán, á gun àkàbà, á tún un kọ. Ó kọ́kọ́ jẹ́ pé gbogbo wa la fẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ku òun nìkan.

Ìyàwó Kúùkù ló ń bá a jà jù. Ọkọ rẹ̀ ló ń se oúnjẹ nínú Ìfaradà. Káfíńtà kan ti ń fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù. Káfíńtà náà kò lè fẹ́ ìyàwó ẹni tó wà lọ́nà.

"Ọlọ́dà, ẹ jọ̀ọ́, nígbà wo lẹ máa tú mi sílẹ̀?"

"Ọkọ rẹ wà lọ́nà."

"Ọ̀nà wo? Káfíńtà ti ń hu ewú! Tí ọkọ mi bá tilẹ̀ dé lónìí, arúgbó ni yóò bá nílé. Ta ló fẹ́ jèrè níbẹ̀?"

"Sọ fún Káfíńtà kó wá. Mo ní ọ̀dà dúdú, n óò bá a kun irun rẹ̀."

Gbokùn rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ìyàwó Kúùkù náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bínú sí ara rẹ̀, ó lọ. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo omi.

Ìyá mi kò bá a jà. Kò sunkún náà. Ó ń gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan, á sá a, á ká a, tó bá pẹ́ díẹ̀ á tún fọ̀ ọ́. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Oúnjẹ ń há a lọ́fun. Nọ́ọ̀sì wo ẹnu rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ó lọ ká ṣẹ́ẹ̀tì náà lórí okùn. Láti àárọ̀ ló ti wà nínú oòrùn. Ara rẹ̀ gbẹ bí páálí. Ṣùgbọ́n ẹnu apá rẹ̀ méjèèjì tutù, omi ń kán níbẹ̀. Ìyá mi fi ahọ́n kàn án.

"Iyọ̀," ó ní.

Ó ká a bẹ́ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ikú bàbá mi, a ń jẹun. Ìyá mi ti abọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

"Baba ọmọ mi."

"Hùn."

"Ẹ jẹ́ kí n sunkún ọmọ mi."

Bàbá ń wo inú abọ́. "Tó bá wá dé ńkọ́?"

"Tó bá dé, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín nu omijé. Ẹkún ti kún mi lọ́fun. Òun ni kò jẹ́ kí oúnjẹ ríbi kọjá. Mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè."

Bàbá mi ṣan ọwọ́. Láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣófo.

Lẹ́yìn tí a gbé e wálé, mo padà lọ kó irinṣẹ́ rẹ̀. Mo mú agolo. Ọ̀dà funfun ló wà nínú rẹ̀. Mo wo búrọ́ọ̀ṣì. Funfun ni. Mo wá gbójú sókè.

ÌFARAD.

A tó kẹ́yìn ti lọ. Ojú ibẹ̀ ṣì tutù. Àwọn tó gbé e rí i, wọ́n rò pé atẹ́gùn iyọ̀ ló jẹ ẹ́. Kì í ṣe atẹ́gùn. Láti ìrù ló ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi lọ pa orúkọ náà rẹ́ kí ìyá mi lè sunkún. Kò tilẹ̀ dúró de ọ̀sán. Mo rò ó pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ojú òun. Lẹ́tà kan ni ara rẹ̀ gbà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó.

Mo sọ fún ìyá mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó gbọ́ mi," ó ní. "Ó gbọ́ mi." Kò sunkún bàbá náà. Ọ̀fun rẹ̀ ti dí.

Mo fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì náà, mo fi ọṣẹ sí i, mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́. Mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. A sin bàbá mi. Mo sọ fún ìyá mi pé tí ilẹ̀ bá mọ́, n óò lọ parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Mo nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọwọ́ mi di dúdú.

Ọ̀dà wà lára búrọ́ọ̀ṣì náà, tútù, dúdú, ó ti kán sílẹ̀. Agolo ọ̀dà dúdú bàbá mi ti gbẹ, òmíràn kò sì sí nílé wa. Mo wo ọwọ́ ìyá mi níbi tó sùn sí. Ó mọ́. Mo sáré lọ sí èbúté. Ìyàwó Kúùkù ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi, ó káwọ́ lérí. Gbokùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

ÌFARADÀ. Odindi.

"Ìwọ ni!" Ìyàwó Kúùkù na ìka sí mi. "Wo ọwọ́ rẹ! Bí bàbá bá kú tán, ọmọ á tún gba búrọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀yin ará ilé yìí ò ní pa mí!"

"Èmi kọ́."

"Ta wá ni?"

Gbokùn ní, "Ọlọ́dà ló padà wá. Kò fẹ́."

"Ó fẹ́," mo ní. "Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í pa á rẹ́." Mo sọ ọ̀rọ̀ agolo funfun fún wọn.

Gbokùn rò ó. Ó fẹ́ràn kí nǹkan ní ìdí. "Kótà ni nígbà náà, ọ̀dà tí wọ́n ń yọ́ sí títì. Bàbá rẹ máa ń da kótà sí dúdú rẹ̀ kó lè pẹ́. Kótà máa ń yọ jáde lábẹ́ funfun."

Òótọ́ ni. Mo ti rí i rí. Mo gbé àkàbà, mo gùn ún, kí n lè gbà pé kótà ni. Mo sún mọ́ ọn. Mo wò ó.

Mo sọ̀ kalẹ̀.

"Kótà ni àbí kì í ṣe kótà?" ni Gbokùn bi mí.

"Bí kótà bá yọ, ohun tó wà lábẹ́ ló ń gbé jáde. A ti bàbá mi ló wà lábẹ́." Mo tọ́ka sókè. "Kì í ṣe A ti bàbá mi nìyẹn."

Igi ìdábùú rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹsẹ̀.

Gbokùn ṣí fìlà. Òun náà mọ A yẹn. Ìyàwó Kúùkù wo ojú èmi, ó wo ojú Gbokùn, kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì kó tó yé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn.

"Ẹ fi sílẹ̀," ó ní. "Mo ti gbà. Mi ò fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́. Tí kò bá fẹ́ lọ, ẹ má lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀."

Mo fẹ́ fi sílẹ̀. Mo fẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bó bá jẹ́ òun ló kọ ọ́, ṣé èmi ni n óò wá pa á rẹ́ mọ́ ọn lójú? Mo lọ sílé pé n óò purọ́ fún ìyá mi pé ọ̀dà tán.

Ó ti jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi.

"A rẹ̀ ni?" ó bi mí.

Mi ò lè purọ́ mọ́. Ó dìde, ó wé gèlè, ó ní kí n gbé agolo funfun. Ó rìn lọ sí èbúté bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè. Ó dúró níwájú pátákó. Oòrùn ti dé àárín orí. Ó wò ó títí, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó ṣì de bẹ́líìtì rẹ̀," ó ní.

"Màmá, kò fẹ́ ká pa á rẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ? Ọmọ tó bá ti ọ̀nà jíjìn dé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, kí ló ń ṣe?"

"Á kan ilẹ̀kùn."

"Ó ti ń kàn án. Bàbá rẹ̀ ní ó ń bọ̀. Ìjọba ní ó pẹ́. Ta nínú wa ló ti sọ fún un pé ó ti dé?"

Àpótí kékeré kan wà lára òpó pátákó, ibẹ̀ ni akọ̀wé máa ń kó àwọn pákó náà sí. Iyọ̀ ti jẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Gbokùn fi òkúta fọ́ ọ. Ìyá mi kó àwọn pákó náà jáde, ó yí wọn lọ́wọ́.

"Èwo ló ní ó ti dé nínú wọn?"

Mo fi hàn án. Ó gun àkàbà, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó yọ Ó PẸ́ lórí ìṣó, ó sọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi Ó TI DÉ kọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo A yẹn.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ó ní. "Kú ewu omi. Mo ti rí ẹ. Gbogbo yín, a ti rí yín. Bàbá rẹ ti wà níwájú, ẹ jọ máa lọ."

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ó yá."

Mo gùn ún. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìrù. A ẹ̀gbọ́n mi lọ. D lọ. Kò sí atẹ́gùn. Kò sí ìkùukùu. Òkun tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn mi ni mo ti gbọ́ ọ, okùn tó ń ké mọ́ irin, rírọra, bí ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá ń fi ara ti èbúté. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo gbọ́ tí Ìyàwó Kúùkù ń pe Ọlọ́run. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Gbokùn lórí pákó èbúté, ó ń lọ sídìí òpó irin rẹ̀.

Mo kun A. Mo kun R. Ó ń ké sókè sí i. Nígbà tó ku I nìkan, ọ̀pá dúdú kan ṣoṣo tó dúró nínú funfun, ọwọ́ mi kọ̀. Mi ò mọ bí n óò ṣe sọ ọ́. Kò wúwo, kò sì rọ. Ó kàn kọ̀.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni ìyá mi wí. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. Kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí láyé rẹ̀. Ó kun ọ̀pá náà láti òkè wálẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì.

Ariwo okùn dákẹ́.

Mo wá yíjú padà. Gbokùn bẹ̀rẹ̀ mọ́ òpó irin, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣe bí ẹni tó ń tú okùn, ó ń gbé e kúrò lórí òpó, ó ń jù ú sómi. Kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà ró.

"Okùn ti tú," ó ní. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ hàn wá. Ó bó, ó sì tutù.

Ìgbà náà ni ìyá mi ké. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí ilé tó ti wà ní títì, tí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ó pe ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ. Ó pe bàbá mi lóríkì. Ó jókòó sórí iyanrìn, Ìyàwó Kúùkù jókòó tì í, wọ́n sunkún títí oòrùn fi yẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi jẹun. Ó tún bù sí i.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Káfíńtà ti gbé Ìyàwó Kúùkù. Irun Káfíńtà ti funfun tán, kò kùn ún. Pátákó náà funfun báláú, orúkọ kankan kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Nǹkan kan kò yọ.

Mo ń lo irinṣẹ́ bàbá mi fún iṣẹ́ mi, àfi búrọ́ọ̀ṣì yẹn. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí mo fi kọ́ sí. Láràárọ̀ ni irun rẹ̀ máa ń tutù, tí omi á ti kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo kígbe. Ìyá mi wá, ó fi ìka kàn án, ó fi ìka náà sẹ́nu. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀.

"Omi ni," ó ní. "Kì í ṣe ọ̀dà. Ó kàn ń kí wa ni. Fi í sílẹ̀ níbẹ̀."